Márùn-ún Tí Kò Jóná

Yésúfù kò ní òògùn kankan. Mo fẹ́ kí ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí dání kí a tó bẹ̀rẹ̀, torí pé nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ láti Mowe dé Ifo, òun ni òtítọ́ tó hàn gbangba jù lọ, òun náà sì ni ẹnikẹ́ni kò gbà gbọ́. Ká ní ó ní òògùn ni, bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ ì bá sàn díẹ̀, torí wọn ì bá gba òògùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀. Orí rẹ̀ nìkan ló ní, orí náà ni wọ́n sì bà jẹ́.

Ọmọ alfa ni. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, tẹ̀súbáà onílẹ̀kẹ̀ dúdú kan ló kàn án nínú ogún, èyí tí àtàǹpàkò olóògbé ti fà títí ó fi ń dán. Kí ó tó di ẹni tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù tà ní àdúgbò Lotto ní Mowe, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi pín káàdì nílé tẹ́tẹ́ ńlá kan ní Èkó, kí ilé náà tó kógbá sílé. Ó kó ẹrù rẹ̀ wálé, ó sì kó ojú tó fi ń wo káàdì wálé pẹ̀lú. Ojú yẹn ni kò jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́ nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ti gbé tábìlì ọ̀kànlélógún sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ibafo.

Eré náà kò ṣòro. Wọ́n á fún ọ ní káàdì méjì, onílé á mú tirẹ̀, ẹ ó sì máa fà sí i bó bá wù yín. Ẹni tí tirẹ̀ bá súnmọ́ ọ̀kànlélógún jù láìkọjá rẹ̀ ló jẹ. Ọba àti ayaba àti ìránṣẹ́ wọn, mẹ́wàá mẹ́wàá ni gbogbo wọn. Áàsì lè jẹ́ ọ̀kan, ó sì lè jẹ́ mọ́kànlá. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé orí ẹni ló ń jà fúnni níbẹ̀. Yésúfù mọ̀ pé káàdì tó bá ti jáde kò sí nínú ìdì mọ́. Bí àwọn kéékèèké bá ti lọ, àwọn ńláńlá ló kù, àwọn ńláńlá sì ni ọ̀rẹ́ ẹni tó wá ta. Bí àwọn ńláńlá bá ti tán, onílé ló ni ọjọ́ náà, kí èèyàn máa fọgbọ́n ṣe é ni.

Nítorí náà, bó bá ti jókòó, tẹ̀súbáà bàbá rẹ̀ á wà nínú àpò bùbá lábẹ́ tábìlì. Bí káàdì kékeré bá jáde, á sún ìlẹ̀kẹ̀ kan síwájú. Bí ńlá bá jáde, á fa ọ̀kan padà. Fún méje, mẹ́jọ àti mẹ́sàn-án, kò ní mi ìka. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá ti rìn jìnnà síwájú, á dá owó gidi. Bí kò bá tíì kúrò lójú kan, á kàn máa fi owó kékeré ṣeré. Ó mọ ìgbà tó yẹ kí èèyàn fà àti ìgbà tó yẹ kó káwọ́ gbera. Bí méjìlá bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí mẹ́fà sì wà níwájú onílé, kò ní fà, á jẹ́ kí onílé fà á títí tí tirẹ̀ á fi kọjá ààlà. Bí mẹ́rìndínlógún bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ọba sì ń wò ó láti iwájú, á fà, bí inú rẹ̀ kò tilẹ̀ dùn sí i. Tí gbogbo ìdì bá sì tán, ìlẹ̀kẹ̀ á ti padà sí ibi tó ti gbéra gan-an. Ìpadàbọ̀ yẹn ló fẹ́ràn jù nínú eré náà. Ó máa ń mí kanlẹ̀ nígbà tó bá dé ibẹ̀.

Kúlúsúmù ìyàwó rẹ̀, tó ń ta hìjáábù létí títì, kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí.

"Bàbá Ikram, tẹ̀súbáà Alfa lẹ fi ń ta tẹ́tẹ́. Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Kíkà ni mò ń kà, Kúlúsúmù. Ṣebí kíkà náà ni wọ́n ń fi í ṣe."

"Ẹni tí Alfa ń kà á fún yàtọ̀ sí ẹni tí ẹ̀yin ń kà á fún."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kó fi òun sílẹ̀ títí wọn yóò fi so yìgì Ikram, pé lẹ́yìn rẹ̀ òun kò ní fẹsẹ̀ tẹ Ibafo mọ́. Ikram ni àkọ́bí àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, òun sì ni àyànfẹ́. Ọmọbìnrin náà ti sọ fún bàbá rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ sí ẹlòmíràn tí yóò fi òun fún ọkọ lójú àwọn alfa. Ẹnu bàbá òun ni òun fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Yésúfù ti ń fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ ẹnu nídìí búlọ́ọ̀kù, bó ti ń po sìmẹ́ńtì.

*

Afọlábí Bádéjọ ló ni òtẹ́ẹ̀lì náà. Ọkùnrin tó lẹ́nu dídùn ni, tí kò sì gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Kí ó tó ṣí yàrá káàdì yẹn, ó ti lọ bá ìyá àgbà kan ní Ifo, ìyá náà sì fún un ní ohun kan tó rì sábẹ́ ẹnu ọ̀nà, kí ẹni tó bá wọlé má lè jáde pẹ̀lú ẹ̀rín. Ohun náà ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ẹni tó ń wọlé ló ń jáde pẹ̀lú ojú wíwú, àyàfi ọlọ́búlọ́ọ̀kù kan láti Lotto.

Ó pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ọjọ́ kan, ó ní kí wọ́n gbé tíì fún un.

"Bàbá Ikram, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Ta ló ṣe é fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó ṣe é fún mi, Ọ̀gá Bádéjọ. Mò ń ka ohun tó ti jáde ni, ìyẹn ló ń jẹ́ kí n mọ ohun tó kù."

Ó sì là á yé e bí ẹni ń kọ́ ọmọ iléékéú ní álífù, kékeré síwájú, ńlá sẹ́yìn, kò fi nǹkan kan pamọ́. Bádéjọ ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nínú ọkàn rẹ̀ ó ní, ẹni tó ní òògùn gidi kì í sọ ọ́, ẹni tó bá sì sọ ọ́ ní gbangba báyìí, irọ́ ló fi ń bò ó. Àṣìṣe tiwa nìyẹn. Bí èèyàn bá ṣe rere láàrin wa, a ó ní ọwọ́ kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá fi ọwọ́ méjèèjì rẹ̀ hàn wá, a ó ní ó ní ẹ̀kẹta.

Jọkẹ́, ọmọbìnrin tó ń pín káàdì, ló wá fi òǹtẹ̀ lù ú.

"Ọ̀gá, ọwọ́ ẹ̀ ò dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ tébù o. Tẹ̀súbáà ni. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi."

Bádéjọ lè ní kí ọkùnrin náà má wá mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà yóò ní ẹ̀rù ọlọ́búlọ́ọ̀kù ń ba Bádéjọ, kò sì lè gba ìyẹn mọ́ra. Ó gbé mọ́tò rẹ̀, ó doríkọ Ifo.

*

Ilé Ìyá Àjíbíkẹ́ wà lẹ́yìn ojú irin. Ọ̀sán ni Bádéjọ débẹ̀, ṣùgbọ́n òjò ti ṣú bo gbogbo ọ̀run. Ohun tó kọ́kọ́ kíyè sí ni pé kò sí adìyẹ nínú àgbàlá, kò sí ewúrẹ́, kò sì sí ẹyẹ lórí igi ọsàn tó wà níbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, agbádá rẹ̀ kan ẹrẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí ohùn kan fi ní kó wọlé.

"Ohun tí mo ní kí o rì ńkọ́?" ni ìyá náà bi í.

"Ẹnì kan ń ré e kọjá, Ìyá. Ó ń wọlé, ó ń jáde, ó sì ń rẹ́rìn-ín."

"Kí ló ní lọ́wọ́?"

"Tẹ̀súbáà ni. Ó ní òun ń fi í ka káàdì."

"Bó bá kà á tán ńkọ́?"

"Ó ní gbogbo rẹ̀ á padà sí ibi tó ti gbéra."

Ìyá náà di ojú rẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sórí páànù.

"N kò rí okùn kankan lára rẹ̀ tí mo lè tú. Kò sẹ́ni tó fún un, kò sì sẹ́ni tó lè gbà á."

Ká ní Bádéjọ jẹ́ ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ni, ibẹ̀ ni ì bá ti dìde. Òtítọ́ kan náà tí Yésúfù sọ fún un ni ìyá yìí tún sọ. Ṣùgbọ́n ó tún kúnlẹ̀ sí i, ó ní kí Ìyá má dójú ti òun.

"Ohun tí mo lè ṣe kò ju ọ̀kan lọ," ni ìyá náà wí. "Mo lè ṣe é kó má padà sí ibi tó ti gbéra mọ́. Ìdì káàdì tí ọwọ́ rẹ̀ ti kàn dà?"

Bádéjọ, tó ti kó o dání láti Ibafo, mú un jáde. Ìyá náà dà wọ́n délẹ̀, ó da ojú wọn bolẹ̀, ó ní kó fa ọ̀kan yọ. Márùn-ún ló fà, ọkàn pupa márùn-ún lójú káàdì funfun. Ìyá náà wò ó pẹ́.

"Èèyàn mélòó ló wà nínú ilé rẹ̀?"

"N kò mọ̀, Ìyá."

"Ó dáa. Fi í sápò."

Ó jó àwọn yòókù pọ̀ mọ́ ohun tí n kò mọ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀ wọ́n títí wọ́n fi di ẹ̀tù dúdú tó kúnná. Ó di í sínú ewé, ó ní kí Bádéjọ bù ú sínú ohun tí ọkùnrin náà yóò mu.

"Èyí tó wà lápò rẹ kò gbọdọ̀ jóná, kò sì gbọdọ̀ sọnù. Ọjọ́ tó bá wù ọ́ kí ọ̀rọ̀ yìí parí, gbé e wá, kó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú iná."

"Bó bá wá sọnù ńkọ́, Ìyá?"

"Mo ní kó má sọnù."

*

Tíì tí Bádéjọ bu ẹ̀tù náà sí ní òórùn èéfín díẹ̀. Yésúfù rò pé ìkòkò wọn ló jóná, ó mu ún tán. Ó ta dáadáa ní ọ̀sán yẹn, ó jẹ, ó tún jẹ, títí wọ́n fi pín káàdì tó kẹ́yìn. Nígbà náà ló fọwọ́ kan tẹ̀súbáà, ó sì rí i pé ìlẹ̀kẹ̀ kò tíì dé ilé. Ó ku ẹyọ kan.

Ó rò pé òun ló ṣìí kà. Kò ṣìí kà rí, ṣùgbọ́n ojú ń rẹ èèyàn. Wọ́n tún ta. Ìdì tán, ẹyọ kan kù. Ó ní kí Jọkẹ́ jọ̀ọ́ tẹ́ gbogbo káàdì náà sílẹ̀ kí òun rí wọn. Ọmọbìnrin náà wo ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ mi orí, ó sì tẹ́ wọn. Gbogbo wọn pé, láti orí áàsì dé orí ọba, kò sí èyí tó kù. Yésúfù tún fi ìlẹ̀kẹ̀ kà wọ́n lójú gbogbo èèyàn. Ẹyọ kan kù. Òógùn ń sàn lọ́rùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́. Ó dìde, ó bọ́ síta láìkí ẹnikẹ́ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, wọ́n jókòó jẹun nílé, òun, Kúlúsúmù, Ikram, Mùízz àti Jamilah tó kéré jù. Ó gbé ojú sókè, ó ń wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ta ni kò tíì dé?"

"Gbogbo wa la wà níbí," ni Kúlúsúmù fèsì.

"Ó ku ẹnì kan."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó fi ìka tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tọ́ka sí ara rẹ̀ pẹ̀lú, ìka náà sì dúró lójú òfìfo kan lórí ẹní. Ẹ̀rín Jamilah ló kọ́kọ́ dákẹ́.

*

Láti ìgbà yẹn, kò sí ohun tí kò kà. Ó ń ka búlọ́ọ̀kù, yóò ní kò pé, yóò tún un kà títí àwọn tó wá rà á yóò fi gba ibòmíràn lọ. Ó ń ka tírélà tó ń kọjá lórí títì márosẹ̀. Ó ń ka hóró ìrẹsì inú àwo rẹ̀, oúnjẹ á sì tutù. Èyí tó ba Kúlúsúmù lẹ́rù jù ni ti ìrun. Ó kí Àsárì, ó ní ráká mẹ́rin rẹ̀ kò pé, ó tún un kí, ó tún tún un kí, títí wọ́n fi pe Màgíríbì lórí rẹ̀. Ó ń sunkún bó ti ń forí balẹ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣe òun, kò kàn lè dá a dúró ni. Ẹ fojú inú wò ó, kí èèyàn mọ̀ pé orí òun ń sá lọ, kó sì jókòó máa wò ó.

"Kúlúsúmù, bí mo bá lè rí èyí tó kù yẹn, mo máa sinmi," ló wí fún un. "Ibì kan ló wà. Ẹnì kan ló mú un."

Kúlúsúmù mú un lọ sọ́dọ̀ Alfa Yínúsà ní Akute, alfa tó gbóná, tí wọ́n ń ti ọ̀nà jíjìn wá bá. Alfa náà wò ó lójú, ó kọ̀wé sórí wàláà, ó fi omi fọ̀ ọ́ sínú igbá, ó sì fún un ní hàntú náà mu. Bí Yésúfù ṣe mu ún, ara rẹ̀ balẹ̀. Ìka rẹ̀ tó ń kà dúró. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Ebi ń pa mí." Kúlúsúmù fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún ayọ̀.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dìde ni alfa fi nǹkan kan kún un.

"Kó lè wọ̀ ọ́ lára, tẹ̀súbáà bàbá rẹ ni kó o mú. Lẹ́yìn Súbùhì lójoojúmọ́, fi ka orúkọ Ọlọ́run yíká tán, kó o padà sí ibi tó o ti bẹ̀rẹ̀. Má ṣìí kà o. Bó o bá ṣìí kà, tún un bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ dé ẹnu Kúlúsúmù. Ó mọ̀ pé kíkà gan-an ni àrùn náà. Ó mọ̀ pé wọ́n ń fi epo pa iná. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tún ọ̀rọ̀ ṣe fún alfa lórí ẹní rẹ̀? Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, wọ́n sì lọ sílé. N kò lè dárí jì í fún ìkúnlẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè bá a wí, torí èmi náà ì bá kúnlẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Yésúfù mú tẹ̀súbáà lẹ́yìn Súbùhì. Ó kà á yíká, ó dé ìparí, ó ku ẹyọ kan, ó sì tún un bẹ̀rẹ̀. Oòrùn là, oòrùn mú, ó ń tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Ikram máa fi gba tẹ̀súbáà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti wà lára okùn.

*

Hàntú náà kò ṣàìjá sí nǹkan. Ní ọjọ́ tí Yésúfù mu ún, sìmẹ́ńtì ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì Bádéjọ là sí méjì, ìjàlọ sì ń rọ́ jáde láti ibẹ̀. Wọ́n da kẹrosíìnì sí i, wọn kò lọ. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á wo ilẹ̀, wọ́n á sì yí padà. Ìyàwó Bádéjọ ní òun ń gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń kàwé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nínú yàrá tí ọkọ òun gbé àpótí rẹ̀ sí, ibi tí ẹyọ káàdì pupa náà wà.

"Wọ́n ti ń dá wa lóhùn," ni Ìyá Àjíbíkẹ́ wí nígbà tí Bádéjọ sáré lọ bá a. "Ṣọ́ ohun ọwọ́ rẹ."

Ẹ̀rù kò jẹ́ kó lè fi káàdì náà sílé mọ́. Ó gbé e lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì tì í. Nígbà tó yá, ó gbàgbé láti máa tì í.

Iṣẹ́ kò sí, ó sì ń jókòó nìkan ní yàrá káàdì lọ́sàn-án. Ọjọ́ kan, láìní ohun tó ń rò, ó ṣí ìdì kan, ó ń ka káàdì náà bí Yésúfù ti sọ ọ́ fún un. Kékeré síwájú, ńlá sẹ́yìn. Ìdì tán, gbogbo rẹ̀ padà sí ibi tó ti gbéra. Ó tún un ṣe, ó tún padà. Ó pe Jọkẹ́, ó ní kó bá òun ta. Nígbà tí kíkà náà lọ sókè, ó dá owó gidi, ó sì jẹ. Ó tún jẹ. Jọkẹ́ gbé ọwọ́ kúrò lórí tábìlì, ó ń wò ó tìfuratìfura.

"Ọ̀gá, ta ló ṣe é fún yín?"

Bádéjọ fi káàdì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè tirẹ̀ gan-an ló padà wá bá a, ó sì ti mọ ìdáhùn rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ó kàn kọ̀ láti gbọ́ ọ ni.

*

Wọ́n so yìgì Ikram ní mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà ní Lotto. Wọ́n ti wọ Yésúfù ní funfun. Láti àárọ̀ ni Ikram ti jókòó tì í, tó ń bá a fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ ẹnu, ó sì ń sọ ọ́ láìṣìí sọ. Gbogbo ẹbí ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà àwọn.

Alfa Yínúsà ní kó dìde. Ó dìde, ó wo ọkọ ìyàwó, ó la ẹnu. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ ṣí kúrò lára ọmọkùnrin náà, ó lọ sára ẹni tó jókòó tì í, ó tún lọ sára ẹnì kejì. Kúlúsúmù rí ètè rẹ̀ tó ń kà, ó sì fi hìjáábù bo ojú.

"Kò pé," ni Yésúfù wí.

"Bàbá Ikram, ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà," ni alfa wí jẹ́jẹ́.

"Ẹnì kan kù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde."

Ó lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó na apá méjèèjì. Ikram dìde láàrin àwọn obìnrin, ó wá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ nínú aṣọ ìyàwó.

"Bàbá mi, gbogbo wa ti pé. Èmi nìyí. Ẹ fi mí fún un, ẹ jọ̀ọ́."

Ó gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti orí rẹ̀ lọ.

Àbúrò Yésúfù ló sọ ọ̀rọ̀ náà nígbẹ̀yìn. Ikram wọ ilé ọkọ pẹ̀lú ẹkún, kì í sì í ṣe ẹkún ìyàwó.

*

Bádéjọ fúnra rẹ̀ ló wá sí Lotto lẹ́yìn yìgì náà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ ibi tí búlọ́ọ̀kù tó ti fọ́ wà, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún Kúlúsúmù. Obìnrin náà kò pariwo. Kò ṣépè.

"Ẹ dìde, ẹ mú káàdì náà wá," ló wí. "Ẹ mú un wá báyìí."

Wọ́n jọ lọ sí Ibafo. Bádéjọ fa dúrọ́ọ̀ síta, ó dà á délẹ̀, ó tú gbogbo ọ́fíìsì. Jọkẹ́ wọlé, ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá.

"Márùn-ún pupa yẹn? Ọ̀gá, oníbàárà kan da ọtí sórí irú ẹ̀ nínú ìdì kan, ó bàjẹ́. Mo rí tiyín nínú dúrọ́ọ̀, ẹ̀yìn wọn rí bákan náà, mo bá fi dípò rẹ̀."

"Ìdì wo?"

Ọmọbìnrin náà wò wọ́n láti ọ̀kan dé èkejì. Bí ìdì káàdì bá ti gbó, òun ló máa ń kó wọn fún ẹni tó bá tọrọ. Ó ti fún àwọn ọlọ́kadà Ibafo, ó ti fún àwọn oníkẹ̀kẹ́ Mowe, ó ti fún àwọn mẹkáníìkì Ifo. Èyí tó fún ta ni ta ni, kò rántí.

Wọ́n lọ bá Ìyá Àjíbíkẹ́. Ìyá náà gbọ́ wọn tán, ó wo ilẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ó dà bí arúgbó lásán lójú Bádéjọ.

"Mo ní kó má sọnù," ló wí. "Èmi gan-an kò lè yà á mọ̀ láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀."

*

Bí ẹ bá rí obìnrin kan tó gbé àpò ike, tó ń dúró ti àwọn tó ń ta káàdì lábẹ́ igi láàrin Mowe àti Ifo, Kúlúsúmù ni. Kò tọrọ nǹkan mìíràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ju márùn-ún pupa lọ. Àwọn kan máa ń fún un, àwọn kan máa ń fi í ṣẹlẹ́yà. Bó bá délé, á dá iná sẹ́yìnkùlé, á ju èyí tó rí sí i, á sì sáré yí wo fáràndà, níbi tí ọkọ rẹ̀ jókòó sí pẹ̀lú tẹ̀súbáà. Ìlẹ̀kẹ̀ náà kì í dúró.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dúró. Káàdì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ká nínú iná ni, kò yàtọ̀ sí àwọn tó ti jó ṣáájú. Yésúfù gbé ojú sókè, ojú rẹ̀ mọ́ kedere.

"Kúlúsúmù," ló pè é. Ó ti pẹ́ tó pe orúkọ yẹn kẹ́yìn. Ó tọ́ka sí i, ó tọ́ka sí Mùízz àti Jamilah, ó tọ́ka sí ara rẹ̀. "Ó ku ẹnì kan."

Kúlúsúmù kọ́kọ́ yíjú padà sí iná. Lẹ́yìn náà ló rántí pé Ikram ti wà nílé ọkọ. Òótọ́ ni, ó ku ẹnì kan. Bóyá ó ti rí wọn bó ṣe yẹ, bóyá òògùn náà ló ṣì ń sọ̀rọ̀, kò sí bó ṣe lè yà á mọ̀. Ó rán Mùízz kó lọ pe Ikram kíákíá.

Ikram dé pẹ̀lú ìbòrí abilékọ lórí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, gbogbo wọn sì jókòó lórí ẹní bí wọ́n ti máa ń jókòó tẹ́lẹ̀. Márààrún pé. Yésúfù fara balẹ̀ kà wọ́n, ó ń fọwọ́ kan èjìká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó wo ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín sí àlejò.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jókòó, ẹ bá wa dúró díẹ̀," ló wí. "Gbogbo wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ikram ló kù."

Ikram wo ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìbòrí rẹ̀, ó súnmọ́ bàbá rẹ̀ lórí ẹní, ó sì bá wọn dúró.